Ẹ Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Kọ́kọ́ Ro Ẹjọ́ Tirẹ̀

Nígbà tí àjọ JAMB gbé èsì ìdánwò UTME jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, kò pẹ́ rárá tí gbogbo ìlú fi dájọ́. Àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò náà sún mọ́ mílíọ̀nù méjì, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ nínú wọn tí kò rí 200 gbà nínú 400. Àwọn kan ní TikTok ló bà wọ́n jẹ́. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ Yahoo ni wọ́n gbájú mọ́. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní èsì náà fi hàn pé akitiyan ìjọba lórí màgòmágó inú ìdánwò ti ń so èso. Lójú tirẹ̀, nǹkan kò bàjẹ́. Nǹkan ń dára bọ̀ ni.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, wà níwájú àwọn oníròyìn l'Ábújà, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ náà ló ṣẹ̀. Lọ́dún yẹn, JAMB yí bí wọ́n ṣe ń pín ìbéèrè padà: wọ́n ń da ìbéèrè àti àwọn ìdáhùn tí ọmọ yóò yàn nínú rẹ̀ rú, kí ẹni méjì tó jókòó ti ara wọn má baà rí ohun kan náà. Ètò tuntun yìí nílò àtúnṣe lórí àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń gbé ìdánwò lọ sí àwọn ibùdó. Wọ́n ṣe é fún àwọn ibùdó kan. Àwọn tó ń bójú tó Èkó àti ilẹ̀ Igbo kò rí i gbà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí èsì fi jáde. Ọmọ dáhùn, kọ̀ǹpútà gba ìdáhùn, ó sì fún un ní máàkì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibùdó 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn nínú 887. Ọmọ 206,610 l'Ékòó, 173,387 ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Igbo. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 379,997.

Kí ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà sọkún yẹn tó pé ni ìròyìn ti jáde pé ọmọbìnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Èkó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó rí máàkì rẹ̀. Àwa kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn níbí.

Èèyàn á rò pé ìtìjú oṣù Karùn-ún yóò mú kí ẹnu rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, WAEC gbé èsì tirẹ̀ síta: ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tó ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò nínú. Ni orin àná bá tún bẹ̀rẹ̀: àwọn ọmọ ìwòyí kò kàwé, ìran yìí ti bàjẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí WAEC fi ti ojú òpó èsì rẹ̀ pa, tó sì tún un gbé jáde. Ìdá 38.32 ti di 62.96. Àwọn náà ti da ìbéèrè rú nínú àwọn iṣẹ́ kan kí àwọn ọmọ má baà jí ara wọn wò, àmọ́ àkójọ ìdáhùn tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n fi máàkì abala ìbéèrè alámùúyàn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù ni wọ́n pè ní olódo fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà ṣèké ní gbangba, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ló jẹ́ ọmọdé ni gbogbo àgbà ilẹ̀ yìí kọ́kọ́ fura sí. Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ tí a fẹ́ rò. Pé ẹ̀rọ ṣàṣìṣe kì í ṣe ìyanu. Àwa èèyàn ló ṣe é. Ohun tó burú ni àṣà tó ti wọ̀ wá lára, pé bí ọ̀rọ̀ ènìyàn bá ko ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ènìyàn ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ó yẹ kí á yí àṣà yẹn dorí kodò. Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà wá láti fi ṣe ìdájọ́, yálà JAMB ni o, báńkì ni o, ìjọba ni o, òun ni kó kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, lórí ẹjọ́ ẹni yẹn gan-an, kó tó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú ẹnikẹ́ni. Bí kò bá lè fi hàn, kó tú onítọ̀hún sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ṣebí JAMB tú àṣírí ara rẹ̀, ṣebí ètò náà ṣiṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́ o. Ariwo ló ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Alex Onyia tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ Educare ń kó ẹ̀sùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jọ, ó sì ń lérí pé òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ìgbà náà ni JAMB pe àwọn onímọ̀ jọ láti yẹ inú ẹ̀rọ wò. Ohun tó wá yẹ kó dẹ́rù ba gbogbo òbí nìyí: ìdí tí àṣìṣe náà fi hàn ni pé ó bá àwọn tó lé ní 370,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ ọmọ 40 ló bá ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ní Ìkirè, tó gba 148, tó ń sunkún pé òun mọ̀ pé òun ṣe dáadáa? Ta ni yóò gbà á gbọ́? Bàbá rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ gba fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ìwé èsì tí ọmọ náà tẹ̀ jáde ní kafé kò ní ju máàkì iṣẹ́ mẹ́rin àti àròpọ̀ wọn lọ. Kò sí ìbéèrè níbẹ̀, kò sí ìdáhùn tó yàn, kò sí èyí tí ẹ̀rọ kà sí òótọ́. Kí ni yóò fi jà?

"Ìwọ nìkan ni." Gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi ba ayé àwọn èèyàn jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Láti ọdún 1999 ni iléeṣẹ́ Post Office ti ń gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí iléeṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó, lọ sí àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké káàkiri Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń ṣàkóso ilé wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀gá ńlá. Ọlọ́jà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wọ́n ń ta búrẹ́dì àti mílíìkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì wọ́n ń ta sítáǹbù, wọ́n sì ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn arúgbó àdúgbò. Àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ni pé bí owó bá dín nínú ìṣirò, láti inú àpò wọn ni yóò ti jáde. Horizon bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó ń dín.

Jo Hamilton wà lára wọn, ní abúlé South Warnborough. Lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà sọ fún un pé owó tó tó £2,000 kò sí. Ó pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó gbé fóònù ní kó tẹ ibí, kó tẹ ọ̀hún. Ó tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó tẹ̀ ẹ́, ni gbèsè náà bá di ìlọ́po méjì níṣojú rẹ̀. Wọ́n ní òun nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tó yá, wọ́n ní £36,000 ló jẹ. Ó fi ilé rẹ̀ dúró láti yáwó, àwọn ará abúlé dáwó fún un, ó sì gbà nílé ẹjọ́ pé òun ṣe ìṣirò èké kí wọ́n má baà fi ẹ̀sùn olè kàn án, kó má baà lọ sẹ́wọ̀n. Seema Misra kò rí irú àǹfààní yẹn. Ó lóyún nígbà tí wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọdún 2010, lórí owó tí ẹnikẹ́ni kò jí.

Ó lé ní èèyàn 900 tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ Horizon. Iléeṣẹ́ Post Office fúnra rẹ̀ ló sì pe ọ̀pọ̀ jù lọ lára wọn lẹ́jọ́: òun ló ní ẹ̀rọ, òun ló fẹ̀sùn kàn, òun ló ṣe ìwádìí, òun náà ló gbé agbẹjọ́rò wá. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Tí wọ́n bá rí èyí, wọn ì bá wá orúkọ mìíràn fún un. Gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n ń sẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè wọ inú ìwé ìṣirò ọlọ́jà láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ Fujitsu lè wọ̀ ọ́, kó sì tún nǹkan ṣe níbẹ̀ láìjẹ́ pé onílé mọ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún kò sì gbọdọ̀ ka èyí bí ìtàn àwọn òyìnbó lásán. Ní ọdún 2023, àkọsílẹ̀ kan jáde síta tí àwọn olùwádìí Post Office fi ń pín àwọn afurasí sí ẹ̀yà nípa àwọ̀ ara, ní èdè tó ti di èèwọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìsọ̀rí kan wà níbẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì kọ ọmọ Nàìjíríà sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bí ẹ̀rọ bá ti sọ pé olè ni ọ́, tí àwọ̀ rẹ náà sì ti wà nínú ìwé, kí ló tún kù?

Alan Bates tó ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Llandudno ló kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n fi pé 555, tí wọ́n sì gbé Post Office lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, adájọ́ sọ ọ́ gbangba pé àléébù wà nínú Horizon, àléébù náà sì lè da ìṣirò owó rú. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́míọ́rùn wẹ èèyàn 39 mọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 2024, ilé aṣòfin ṣe òfin tó wẹ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn yòókù mọ́ lápapọ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Wyn Williams ń darí sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní oṣù Keje 2025 pé ó kéré tán, ó ṣeé ṣe kí èèyàn 13 ti pa ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Báwo ni orílẹ̀-èdè tó ní irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ṣe irú èyí fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Òfin ló ṣílẹ̀kùn. Láti ọdún 1984, òfin Gẹ̀ẹ́sì ní ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn amòfin ní ìyẹn ti nira jù, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 1999, ọdún kan náà tí Horizon gbéra. Láti ìgbà náà, ilé ẹjọ́ á kàn gbà pé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àyàfi tí olùjẹ́jọ́ bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní abúlé ni wọ́n ní kó wá tú inú ẹ̀rọ Fujitsu.

Òfin tiwa sàn jùyẹn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ẹni tó bá mú ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wá sílé ẹjọ́ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lásìkò ọ̀hún, ìwé àfọwọ́sí sì lè wà láti fi jẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Àwọn lọ́yà wa máa ń kùn sí abala yìí pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Kó máa fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni kọ̀ǹpútà ń dá lẹ́jọ́ níwájú adájọ́? Lórí káńtà báńkì, ní ilé ẹ̀kọ́, nídìí POS ni ẹjọ́ tiwa ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí abala 84 kò dé.

Ẹ wo nídìí POS. Obìnrin kan ra ọjà ₦18,500, ó fi káàdì rẹ̀ sí i, ẹ̀rọ ní kò lọ. Kó tó ṣí pọ́ọ̀sì, fóònù rẹ̀ ti dún: alẹ́ẹ̀tì ti wọlé, owó ti kúrò ní báńkì. Ọlọ́jà ní òun ò rí nǹkan, kó san òmíràn, ó sì san án. Nígbà tó dé báńkì, akọ̀wé yí ojú kọ̀ǹpútà sí i: "Mọ́mì, níbí, ó ti lọ o. Ẹ lọ bá ẹni tí ẹ san án fún." Ẹ̀rọ méjì ló ń sọ ọ̀rọ̀ méjì tó ta kora, obìnrin náà ló sì ń sáré láàárín wọn bí ẹni tó jí nǹkan. Báńkì àpapọ̀, ìyẹn CBN, mọ èyí. Láti ọdún 2020 ló ti fi gbèdéke síbẹ̀, pé báńkì gbọ́dọ̀ dá owó tí ATM báńkì mìíràn yọ láìsan padà láàárín wákàtí 48, ti POS láàárín wákàtí 72. Gbèdéke náà dára. Àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti gbà pé òun ṣàṣìṣe ló ń ṣiṣẹ́. Fún ẹni tí kọ̀ǹpútà báńkì ṣì ń sọ pé owó rẹ̀ ti dé ibi tó ń lọ, wákàtí 72 kò bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ọsirélíà náà ti tọ́ ọbẹ̀ yìí wò. Ètò tí wọ́n ń pè ní Robodebt, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ń fi ìṣirò ẹ̀rọ kọ lẹ́tà gbèsè sí àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ó sì ní kí wọ́n wá fi ìwé owó oṣù ọdún pípẹ́ hàn pé àwọn kò jẹ gbèsè. Ìjọba ló padà gbà pé gbèsè tó tó 470,000 kò tọ́.

Ó tọ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn tó fara mọ́ ẹ̀rọ, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe òfìfo. Wọ́n ní ẹ ti gbàgbé ìgbà tí wọ́n ń fi ìwé àti pẹ́ńsù kọ JAMB, tí ìbéèrè máa ń wà lọ́jà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, tí "èkísípò" jẹ́ òwò tó ń mówó wọlé. Òótọ́ ni. Wọ́n tún ní nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé máàkì ńlá jáde ní 2023, tí gbogbo ìlú ń bá a ké pé JAMB fẹ́ jẹ ẹ́ níyà, ẹ̀rọ JAMB ló jàre ní ìgbẹ̀yìn, ìwé ọwọ́ ọmọ náà jẹ́ ayédèrú. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kí ló fi ìdí òótọ́ ọ̀hún múlẹ̀? Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n fọ̀rọ̀ wá ọmọ náà àti JAMB lẹ́nu wò, òótọ́ sì jáde. Ohun tí à ń bèèrè fún gbogbo ọmọ nìyẹn, kì í ṣe fún èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gba ìlú nìkan. Ẹ̀rọ tó ń sọ òótọ́ kò ní nǹkan tí yóò fara pamọ́ fún.

Ewu náà kò sì ní dín kù, nítorí ẹ̀rọ tó ń ṣe ìdájọ́ ń pọ̀ sí i. Àwọn olùkọ́ fásitì ti ń da iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sínú àwọn ètò tó ń sọ pé àwọn lè mọ ìwé tí ChatGPT kọ. Iléeṣẹ́ OpenAI tó ṣe ChatGPT fúnra rẹ̀ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní 2023. Ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń rí mú nínú ìwé tí ẹ̀rọ kọ, ó sì ń fi ẹ̀sùn kan àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé e kúrò ńlẹ̀. Lọ́dún kan náà, àwọn olùwádìí ní Stanford dán irú ètò méje wò lórí àròkọ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àbínibí wọn, wọ́n sì rí i pé àwọn ètò náà pe ohun tó ju ìdajì àròkọ náà lọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ Yorùbá tó fara balẹ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, tó ń kọ ọ́ bí ìwé ṣe ní kó kọ ọ́, wà lára àwọn tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ti jáwọ́. Olùkọ́ tó ń lò ó láti fi lé ọmọ kúrò ní kíláàsì kò tíì gbọ́.

Wọn yóò ní owó ni yóò ná wọn, pé àyẹ̀wò ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó ta ni? Ó lé ní ₦7,000 tí ọmọ kọ̀ọ̀kan san láti kọ UTME 2025. Báńkì ń yọ owó lórí ìfowóránṣẹ́, ó tún ń yọ owó lórí alẹ́ẹ̀tì tó fi sọ fún ọ pé òun ti yọ owó. Ẹni tó ń jèrè ẹ̀rọ ni kó ru ẹrù àṣìṣe rẹ̀.

Nítorí náà, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ gbé ohun tó wà ní abala 84 jáde kúrò nínú kóòtù, kó fi lélẹ̀ fún gbogbo àjọ àti báńkì tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdájọ́. Kí báńkì kọ́kọ́ dá owó oníbàárà padà, kó tó máa ṣe ìwádìí. Kí àwọn onímọ̀ tí JAMB àti WAEC kò gbà síṣẹ́ yẹ ẹ̀rọ wọn wò kí èsì tó jáde, kí wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí síta. Ní ti ọmọ tó bá ní máàkì òun kò rí bẹ́ẹ̀, kí JAMB fi ìbéèrè tó rí, ìdáhùn tó yàn àti èyí tí ẹ̀rọ kà sí òótọ́ hàn án. Wọ́n lè ní àwọn ṣì fẹ́ tún ìbéèrè náà lò. Kí ọmọ náà wá wò ó ní ibùdó ìdánwò nígbà náà, láìsí fóònù, láìsí bírò, kí òṣìṣẹ́ JAMB dúró tì í. Àjọ tó lè pe ọmọ tó lé ní 370,000 padà wá ṣe ìdánwò láàárín ọjọ́ mélòó kan kò lè sọ pé èyí kọjá agbára òun.